Afárá Inú Kọ̀ǹpútà àti Àwọn Àmì Orí Wáyà Rẹ̀

 Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ jókòó ti rédíò pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù lọ́wọ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ òní kàn jù.

Bí a bá rán ọmọ níṣẹ́, ohun mẹ́ta ni à ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Èkíní ni pé kí ó rí ẹni tí a rán an sí. Èkejì ni pé kí ó jẹ́ iṣẹ́ náà bí a ti rán an, láìfi kún un, láìyọ níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kí ó padà wá jábọ̀ fún wa. Ọmọ tó lọ tí kò wá jábọ̀, ó fi ẹni tó rán an sínú iyèméjì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wá jábọ̀ nígbà tí iṣẹ́ kò tíì dé ibi tí a rán an, ewu ni ó fi ẹni náà sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a níwájú.

Àwọn ìránṣẹ́ kan wà tí wọn kò ní ẹsẹ̀, tí wọn kò sì ní ẹnu, síbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ ní àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbé. Afárá ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè wọ́n. Àwọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, àti àwọn àmì tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà.

Bí ẹ bá ṣí ìdérí kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tí a ṣe ní nǹkan bí ọdún 1998, ẹ ó rí pátákó pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀, tí wáyà tín-ín-rín bí irun orí là káàkiri ara rẹ̀. Orí pátákó yìí ni àwọn ṣíìpù wà, ìyẹn àwọn ohun dúdú pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ wà lára wọn tàbí lábẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, èyí tó ń ṣe ìṣirò. Àwọn mìíràn jẹ́ àká ìrántí, níbi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí sí. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ni a ti máa ń ki àwọn káàdì bọ ojú ihò wọn: káàdì tó ń gbé ohùn jáde, káàdì tó ń so kọ̀ǹpútà kan mọ́ òmíràn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan gan-an. Ní ọdún 1998, ilé-iṣẹ́ Intel ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé àkójọ ṣíìpù kan jáde tí a ń pè ní 440BX. Ṣíìpù méjì ló ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Ọ̀kan sún mọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Afárá àríwá ni wọ́n ń pe irú èyí. Èkejì jìnnà sí i díẹ̀. Afárá gúúsù ni wọ́n ń pe ìyẹn. Kì í ṣe pé ọ̀kan kọjú sí ilẹ̀ Hausa tí èkejì sì kọjú sí òkun o. Bí wọ́n bá ń ya àwòrán kọ̀ǹpútà sórí ìwé, òkè ni wọ́n máa ń fi ọpọlọ sí, gẹ́gẹ́ bí àríwá ti máa ń wà lókè lórí àwòrán ilẹ̀ tí ẹ ń lò ní kíláàsì. Ibi tí orúkọ náà ti wá nìyẹn.

Kí ló dé tí a fi nílò afárá? Ìdí rẹ̀ ni pé ìrìn àwọn tó wà nínú kọ̀ǹpútà kò dọ́gba. Nínú kọ̀ǹpútà tí a fi 440BX ṣe, ojú ọ̀nà tó wà láàárín ọpọlọ àti afárá àríwá lè máa lu ìlù tirẹ̀ ní mílíọ̀nù 100 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú ọ̀nà tí àwọn káàdì ń gbà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PCI, ń lu tirẹ̀ ní mílíọ̀nù 33 ìgbà. Òmíràn tún wà, ISA, tó ti ara kọ̀ǹpútà tí IBM ṣe ní ọdún 1981 wá, tí wọ́n sì mú fẹ̀ sí i ní ọdún 1984. Ìyẹn kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 8 lọ. Ó ti di àgbàlagbà, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti fi owó ra káàdì tó ń lò ó, wọn kò sì fẹ́ kó wọn dànù. Bí a bá so àwọn mẹ́ta wọ̀nyí pọ̀ láìsí alárinà, ẹni tó yára yóò ti sọ̀rọ̀ tán kí ẹni tó lọ́ra tó yí ojú sí i. Iṣẹ́ alárinà yìí ni afárá ń ṣe.

Bọ́ọ̀sì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe irú ojú ọ̀nà wáyà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ akérò, ṣùgbọ́n ohun kan pa wọ́n pọ̀: kò sí èyí tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Orí àwọn wáyà kan náà ni gbogbo káàdì wà. Bí ọ̀kan bá sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ni ó ń gbọ́. Bí méjì bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ di rúdurùdu. Nítorí náà, òfin ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Òfin ti PCI, tí Intel kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1992, ni n ó fi ṣàlàyé. Káàdì tí a kàn ń pè tí òun kì í pe ẹnikẹ́ni nílò ẹsẹ̀ 47, ó kéré tán. Èyí tó lè dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nílò 49. Méjìlélọ́gbọ̀n nínú wọn ni ó ń ru ẹrù, wáyà kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ 1 tàbí 0. Àwọn yòókù wà fún ètò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ wáyà aago. Òun ni onílù. Bí ó bá ti lu ẹ̀ẹ̀kan, gbogbo ṣíìpù a wo àwọn wáyà, ohun tí wọ́n bá sì rí lójú ìlù náà ni wọ́n gbà pé a sọ. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, 30 péré nínú rẹ̀ ni ó wà láàárín ìlù kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ìmọ́lẹ̀ pàápàá, tí kò sí ohun tó yára tó o, kò lè rìn ju nǹkan bí mítà 9 lọ láàárín àkókò náà.

Ohun kejì tí ẹ ní láti mọ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn wáyà ètò yìí ni a máa ń fà wálẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan wáyà náà, ohun kékeré kan wà tó ń gbé agbára iná orí rẹ̀ sókè, kí ó má baà máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ewé inú afẹ́fẹ́. Nítorí náà, bí ó bá wà lókè, ìdákẹ́ ni. Bí ó bá wá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ni. Nínú ìwé, àmì kan tó dà bí ojú àwọ̀n, èyí yìí: #, ni wọ́n máa ń kọ sí ìparí orúkọ irú wáyà bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, n ó pè é ní olùpè. Ẹni tó dáhùn, n ó pè é ní olùjẹ́.

Olùpè kò gbọdọ̀ kàn la ẹnu sọ̀rọ̀. Nínú ìpàdé tó létò, ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ a nawọ́ sókè, alága a sì tọ́ka sí i. Wáyà REQ# ni ọwọ́ tí olùpè nà. Wáyà GNT# ni ìka tí alága fi tọ́ka sí i. Olùpè kọ̀ọ̀kan ní REQ# àti GNT# tirẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà tí à ń sọ yìí, inú afárá àríwá ni alága náà jókòó sí.

Nígbà tí àyè bá gba olùpè, yóò fa FRAME# wálẹ̀. Ìyẹn dà bí agogo akéde: ẹ dákẹ́, ẹ tẹ́tí, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́sẹ̀ kan náà, yóò gbé àdírẹ́sì ẹni tó ń wá sórí wáyà 32 yẹn, yóò sì fi wáyà mẹ́rin mìíràn sọ ohun tó fẹ́, yálà ó fẹ́ kà ni tàbí ó fẹ́ kọ.

Gbogbo wọn ni ó gbọ́ àdírẹ́sì náà. Ẹni tó bá mọ̀ pé tòun ni yóò fa wáyà DEVSEL# wálẹ̀, bí ẹni ń wí pé, “Èmi nìyí.” Ó lè dáhùn ní ìlù kìíní lẹ́yìn àdírẹ́sì, tàbí ní ìkejì, tàbí ní ìkẹta. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, a gba ẹnì kan ṣoṣo láàyè láti gba ọ̀rọ̀ náà ní ìlù kẹrin, láìbéèrè ta ló ni í. Afárá tó lọ sọ́dọ̀ ISA ni ó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó dà bí baálé tó ń gba gbogbo lẹ́tà tí a kò rí olúwa rẹ̀, tó ní, “Ó lè jẹ́ ti àwọn àgbà tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ bá wọn.”

Bí kò bá wá sí ẹnikẹ́ni rárá ńkọ́? Olùpè a fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kíkà ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà fẹ́ kà, afárá a dá a lóhùn pẹ̀lú 1 lórí gbogbo wáyà 32. Ìdáhùn òfìfo yìí wúlò gan-an. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ńṣe ni ó máa ń pe àwọn ihò káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ ti ń pe orúkọ láàárọ̀. Ibi tó bá ti gba kìkì 1, ó mọ̀ pé ìjókòó náà ṣófo, yóò sì kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n ká ní olùjẹ́ ti dáhùn. Ó wá ku gbígbé ẹrù. Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n inú ọ̀rọ̀ náà wà. Wáyà méjì ni ó ń ṣètò rẹ̀. Olùpè a fa IRDY# wálẹ̀ láti wí pé, “Mo ti ṣe tán.” Olùjẹ́ a fa TRDY# wálẹ̀ láti wí pé, “Èmi náà ti ṣe tán.” Ìlù tó bá bá méjèèjì nílẹ̀ nìkan ni ẹrù ń kọjá. Bí IRDY# nìkan bá wà nílẹ̀, ẹrù kò kọjá. Bí TRDY# nìkan bá wà nílẹ̀, kò kọjá. Ẹni tó yára a dúró de ẹni tó lọ́ra.

Àwọn bàbá wa sọ pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹ wo àwọn obìnrin méjì létí odò, tí ọ̀kan ń ran èkejì lọ́wọ́ láti ru ìkòkò omi. Ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ kò ní í jọ̀wọ́ ìkòkò náà títí ẹni tó fẹ́ rù ú yóò fi wí pé, “Mo ti dì í mú.” Bí ó bá jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ìkòkò fọ́, omi sì dànù. Iṣẹ́ IRDY# àti TRDY# nìyẹn, àwọn ni kì í jẹ́ kí ìkòkò fọ́.

Bí ẹrù bá pọ̀, wọn kò ní láti tún àdírẹ́sì pè. Wọn yóò máa gbé e tẹ̀ lé ara wọn, báìtì mẹ́rin ní ìlù kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí ìdádúró rárá, ó lè tó nǹkan bí mílíọ̀nù 132 báìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ó bá ku ẹyọ kan, olùpè a jẹ́ kí FRAME# padà sókè nígbà tí IRDY# ṣì wà nílẹ̀. Olùjẹ́ a sì mọ̀ pé èyí ni ìkẹyìn. Bí FRAME# àti IRDY# bá wá wà lókè méjèèjì, ọ̀rọ̀ parí, àyè sì ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Wọ́n tún ń ka ẹrù wò. Wáyà kan wà tó ń jẹ́ PAR. Ẹni tó gbé ẹrù sílẹ̀ a ka iye 1 tó wà lórí wáyà ẹrù 32 àti wáyà mẹ́rin ti àṣẹ. Bí iye náà kò bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, yóò fi 1 sórí PAR kí ó lè dọ́gba. Bí ó bá ti dọ́gba tẹ́lẹ̀, yóò fi 0 síbẹ̀. Ẹni tó gba ẹrù a tún un kà. Bí kò bá dọ́gba, ó mọ̀ pé wáyà kan ti ṣì í sọ, yóò sì fa PERR# wálẹ̀ láti ké gbàjarè. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ rò ó wò: bí wáyà méjì bá ṣì í sọ lẹ́ẹ̀kan náà, ǹjẹ́ ìkà yìí lè mú un? Kò lè mú un. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe é nílé kí ẹ rí ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi eré kan kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ mú ọmọ mẹ́ta. Kí ọ̀kan máa pàtẹ́wọ́ bí aago. Kí àwọn méjì yòókù dúró kojú ara wọn, kí ọ̀kan nínú wọn di òkúta mú ní ọwọ́ ọ̀tún. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ọwọ́ òsì sókè, kí ó má sọ ọ́ kalẹ̀ àfi bí ó bá ti ṣe tán. Òkúta kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ àfi nígbà tí àtẹ́wọ́ bá dún tí ọwọ́ òsì méjèèjì sì wà nílẹ̀. Ẹ sọ fún ọ̀kan pé kí ó máa lọ́ra. Ẹ ó rí i pé eré náà yóò falẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta kò ní í já bọ́.

Nísinsìnyí a lè padà sọ́dọ̀ afárá. Ojú méjì ni afárá ní. Lójú kan, olùjẹ́ ni. Lójú kejì, olùpè ni. Bí ọpọlọ bá fẹ́ fi iṣẹ́ rán káàdì kan, afárá a dáhùn bí ẹni pé òun ni káàdì náà. Yóò gba iṣẹ́ náà tán, yóò yí ojú sí òdìkejì, yóò nawọ́ sókè, yóò gba àyè lọ́wọ́ alága, yóò sì fa FRAME# wálẹ̀ bí ẹni pé òun ni ọpọlọ. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò rí ara wọn rí. Afárá nìkan ni wọ́n mọ̀.

Bí ó bá jẹ́ kíkọ ni, ìyẹn ni pé olùpè fẹ́ gbé ẹrù ránṣẹ́, afárá kì í jẹ́ kí ó dúró pẹ́. Yóò gba ẹrù náà, yóò fi í sínú yàrá kékeré kan nínú ara rẹ̀, yóò sì wí pé, “Mo ti gbà á.” Olùpè a bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Afárá yóò wá wá àyè gbé ẹrù náà dé òdìkejì. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí ẹni tó yára kò ní í máa fi àkókò rẹ̀ ṣòfò nítorí ẹni tó lọ́ra.

Bí ó bá jẹ́ kíkà ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Afárá kò lè fi ọgbọ́n dáhùn ohun tí kò mọ̀. Òfin PCI kò sì jẹ́ kí olùjẹ́ fi olùpè sí ìdúró ju ìlù 16 lọ fún ẹrù àkọ́kọ́. Nítorí náà, afárá a fi àdírẹ́sì náà pamọ́, a sì fa wáyà STOP# wálẹ̀ láìfa TRDY#. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, “Lọ ná, kí o tún padà wá.” Olùpè gbọ́dọ̀ padà wá béèrè ohun kan náà gẹ́lẹ́. Nígbà tí ó bá padà dé lẹ́yìn tí afárá ti lọ mú ìdáhùn wá, yóò rí i gbà. Láàárín àkókò náà, ẹlòmíràn ti lo ojú ọ̀nà.

Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ tí afárá sọ nígbà tí ó gba ẹrù. Ó ní, “Mo ti gbà á.” Kò ní, “Mo ti jẹ́ iṣẹ́ náà.” Ọ̀rọ̀ méjì ni o, ẹni tó bá sì kà wọ́n sí ọ̀kan yóò jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín bí ìyà náà ti ń ṣẹlẹ̀. Káàdì kan gba ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà fún afárá kí ó bá òun gbé e lọ sínú àká ìrántí. Afárá ní òun ti gbà á. Inú káàdì dùn, ó sì fa wáyà kan tó ń jẹ́ INTA#. Wáyà agogo ni ìyẹn, tí a fi ń pe ọpọlọ pé, “Wá o, iṣẹ́ ti dé.” Ṣùgbọ́n wáyà agogo yìí kì í gba inú yàrá tí afárá ń kó ẹrù sí. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni ó ń gbà. Agogo lè dún ní etí ọpọlọ nígbà tí ẹrù ṣì wà nínú afárá. Ọpọlọ a sáré lọ sí àká ìrántí, a sì bá ohun àtijọ́ níbẹ̀, a sì kà á bí ẹni pé òun ni ọ̀rọ̀ tuntun.

Ẹ ò rí i pé ìkìlọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi ni ó ṣẹ yìí: ọmọ tó jábọ̀ kí iṣẹ́ tó dé. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ẹrù ń ṣáájú agogo. Ọjọ́ tí ojú ọ̀nà bá há, tí ẹrù dúró pẹ́ díẹ̀ nínú afárá, ni àṣìṣe yóò jáde. Bí a bá sì wá a lọ ní ọjọ́ kejì, a kò ní í rí i mọ́. Kò sí wáyà tó já, kò sí ṣíìpù tó jó. Ẹni tó kọ ètò iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà ni ó gba “mo ti gbà á” gbọ́ ju bó ti yẹ lọ.

Kí wá ni àtúnṣe rẹ̀? Òfin afárá kan ló gbani là. Bí ọpọlọ bá ka nǹkan lára káàdì, ìdáhùn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ẹrù tó ti wà nínú afárá ṣáájú rẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Ẹ fojú inú wo ọ̀nà tóóró tí kò sí àyè àyasílẹ̀, tí ọkọ̀ ẹrù gààrì wà níwájú. Bí a bá rán ọmọ oníkẹ̀kẹ́ kan jáde láti oko gààrì náà, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ wa, a mọ̀ láìsí àní-àní pé ọkọ̀ gààrì ti dé ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, bí agogo bá dún, ètò iṣẹ́ tó mọ́gbọ́n dání kì í sáré lọ sí àká ìrántí. Yóò kọ́kọ́ ka nǹkan kan lára káàdì náà. Nígbà tí ìdáhùn bá dé, ó mọ̀ pé ẹrù ti wọlé.

Ní ọdún 1998, ìlànà PCI tún fi ọ̀nà mìíràn kún un. Dípò wáyà agogo tó ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀, káàdì lè fi ìpè náà ránṣẹ́ bí ẹrù, kí ó tọ ẹ̀yìn ẹrù gidi lójú ọ̀nà kan náà. Agogo kò tún lè ṣáájú ẹrù mọ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣì wà lónìí? Láti ọdún 2004 ni PCI Express ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò PCI. Ó ti fi àwọn wáyà àjọlò sílẹ̀. Ẹni méjì péré ni ó wà lórí ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kò sì sí FRAME#, IRDY# àti TRDY# mọ́. Afárá àríwá pàápàá ti kó wọ inú ọpọlọ kọ̀ǹpútà: AMD gbé àbójútó àká ìrántí wọ ibẹ̀ ní ọdún 2003, Intel sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2008. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gba ẹrù lórí PCI Express a máa sọ iye àyè tó ṣófo lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáájú, ẹni tó ń fi ránṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ kọjá iye náà. TRDY# ni ó yí aṣọ padà yẹn. “Mo ti gbà á” náà ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òfin ọ̀nà tóóró.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ kọ ohun mẹ́ta sínú ìwé yín. Èkíní: ẹrù kì í kọjá àfi bí ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà bá ṣe tán lójú ìlù kan náà. Èkejì: afárá a máa ṣe olùjẹ́ lójú kan, a sì máa ṣe olùpè lójú kejì. Ẹ̀kẹta: ẹni tó ní òun ti gba iṣẹ́ kò tíì ní òun ti jẹ́ ẹ. Bí ẹ bá dàgbà tí ẹ sì di ẹni tó ń kọ ètò iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, ìkẹta yìí ni yóò gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òru àìsùn. Àwa àgbà pàápàá lè mú un lò láàárín ara wa. Bí a bá fi iṣẹ́ pàtàkì rán alárinà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a dúró lórí “mo ti gbọ́” rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rọra béèrè lọ́wọ́ ẹni tí a rán an sí bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.